Ìka Mẹ́jọ Ló Kù

"Ẹ fún mi ní síbí yẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún bu ìrẹsì, ó nà án sí i lẹ́nu bí ẹní ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Kíákíá, àbúrò rẹ̀, pa ẹnu dé.

Torí pé kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀ níléeṣẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kíákíá. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mì. Ìka méjì lọ. Àwọn tó kù, nọ́ọ̀sì ló ń bá a nà wọ́n kí wọ́n má baà gan. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, bí àlejò bá sì kanlẹ̀kùn, á fi ìborùn bo ọwọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn máa rí i, kó lè mọ́ wọn lójú. Ẹ̀gbọ́n ní àánú ayé kò yàtọ̀ sí èébú.

Láàárọ̀ yìí ló wá jẹ́wọ́ pé òun ti lọ bá ọ̀gá iléeṣẹ́: kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò àbúrò òun.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," Kíákíá wí. "Ẹ tọ́jú mi, mi ò ní í gbàgbé. Àmọ́ ọwọ́ mi ni ẹ̀rọ gé, kò gé ẹnu mi. Ẹ má gbẹnu sọ fún mi mọ́."

Ó gba síbí. Ìrẹsì dà sí i láyà. Ó ṣa á jẹ, ó dìde, ó gba ibiṣẹ́ lọ.

Bó ṣe wọlé ni gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú kúrò. Wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo ààrò, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́. Ọ̀gá rọra ní kó padà sílé, pé ọwọ́ kan kì í gbégbá dórí.

Kíákíá gbé ọwọ́ náà lé tábìlì, láàárín ìyẹ̀fun.

"Ẹ wò ó tẹ́rùn, ká lè ráyè ṣiṣẹ́. Ìka mẹ́jọ ló kù. Ẹni tó bá ti fi mẹ́wàá yá jù mí lọ rí, kó sọ̀rọ̀."

Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ń dáná ààrò sún mọ́ ọn, ó bi í bóyá ọwọ́ náà ṣì ń dùn ún. Kò tíì sẹ́ni níbẹ̀ tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ó ń dùn ún, pàápàá láàárọ̀. Ó fa ìyẹ̀fun pípò mọ́ra.

Ó pẹ́ kó tó mọ ẹyọ búrẹ́dì kan, búrẹ́dì náà sì wọ́. Ọ̀gá nawọ́ láti tún un ṣe.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ẹ gbé e wọ ààrò."

Ọ̀gá wò ó títí. Ó gbé búrẹ́dì náà, ó tì í wọ ààrò. Kíákíá ti ń gé ìyẹ̀fun fún òmíràn.