Ìyá Yín Wẹ Lọ́yà ní Kóòtù

Bàbá Ìyanu, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé ẹ̀. A wà ní kóòtù lórí epo rọ̀bì tí ilé-iṣẹ́ yẹn dà sódò wa. Àwa ní kí wọ́n padà wá fọ̀ ọ́. Odò náà wá fúnra rẹ̀, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó dúdú, ó ń kán tó tó tó sílẹ̀.

Lọ́yà wọn ní àwọn ti fọ̀ ọ́ mọ́, pé kí n máa fi wẹ Ìyanu lọ. Ìyá yín bá fa àpótí jókòó níwájú adájọ́, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní, "Ó dáa, ọkọ mi, bọ́ṣọ." Ó bọ́ṣọ, ó ku wíìgì nìkan. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n bu lára odò dà lé e, wọ́n fi kànìnkànìn ha á lábíyá, wọ́n fà á lápá, wọ́n fà á lẹ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe Ìyanu gan-an. Bí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́ ló ń dúdú sí i.

Adájọ́ ní, "Màmá, ẹ má gbàgbé ìdí rẹ̀."

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀, adájọ́."

Ó wá ku kí wọ́n jù ú sókè. Bí wọ́n ṣe jù ú báyìí, ó pariwo láti òkè pé odò ò tíì mọ́. Adájọ́ mú bíírò, ó ní, "Mo dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀..." Mo na ọrùn kí n lè gbọ́ dáadáa, ni ọmọ yín bá gé mi lọ́mú jẹ.

Lọ́yà ṣì wà lókè nígbà tí mo jí.