Màmá Mi Ò Sí

Aránṣọ ni màmá mi, àmọ́ Màmá Onírédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Kì í ṣe rédíò tí à ń gbọ́ ìròyìn nínú rẹ̀ ni mò ń wí. Èyí tí wọ́n fi ń bá àwọn èèyàn tó wà nílùú míì sọ̀rọ̀ ni, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba, láìsí pé ẹnì kan ń sanwó rẹ̀ fún wọn. Wáyà rẹ̀ ta láti orí òrùlé dé orí òpó tó wà lẹ́yìnkùlé, aládùúgbò wa kan sì ti sá aṣọ sí i rí. Nítorí rédíò yìí ni wọn ò ṣe gba ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tí mo rà fún wọn. Wọ́n ní yóò máa pariwo sínú rédíò àwọn, kí n jẹ́ káwọn máa fẹsẹ̀ tẹ tàwọn lọ.

Ẹ má rò pé rédíò gba ìyá lọ́wọ́ mi o. Kékeré ni mo ti ń ṣàìsàn èémí. Bí mo bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí, wọn á sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé ọmọ àwọn ń pe àwọn, wọn á pa rédíò, wọn á pọ̀n mí, bí mo ti gùn tó. Nígbà tí mo dàgbà, tipátipá ni wọ́n fi mú mi ṣe ìdánwò àṣẹ náà. Mo yege, mi ò sì lò ó rí. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé e: ọ̀rọ̀ tó bá nítumọ̀ méjì, má gbé e sórí afẹ́fẹ́.

Ọjọ́rú ni wọ́n kú. Mo ń gbé àga fún àlejò, mo ń fọ abọ́, bí ẹni pé ìyá ẹlòmíì ló lọ. Ara mi kú tipiri, mi ò mọ nǹkan kan lára. Àbúrò màmá mi obìnrin ló ń bá wa sọ ọ́ fáyé gbọ́, wọ́n ní kò yẹ kí ó ti ẹnu ọmọ jáde. Ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ yàrá ìránṣọ lọ kó aṣọ àwọn oníbàárà jọ. Mo tan rédíò, mi ò lè sọ ìdí. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ló jáde, ó ń pe màmá mi. Mo mọ̀ ọ́n. Apòògùn ni màmá mi ń pè é; òun àtàwọn bíi mélòó kan ni wọ́n jọ máa ń pàdé ní Sátidé. Ó pè, ó dákẹ́, ó tún pè. Bí mi ò bá dáhùn, yóò máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọmọ wọn ni. Màmá mi ò sí."

Apòògùn ní kò burú, àwọn á dúró dè wọ́n. Ẹlòmíì bú sẹ́rìn-ín, ó ní oníbàárà ló lé wọn kúrò nílé, pé ìlérí aránṣọ ti pé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo ní wọ́n ti lọ sinmi ni. Apòògùn ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa.

Inú bí mi. Inú gbogbo àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ló bí mi.

"Màmá mi kú, sà. Ọjọ́rú ni wọ́n kú."

Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ó sì yára fi kún un pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ rédíò lòun ń wí. Apòògùn ò bi mí ní ọjọ́ ìsìnkú, kò sì bi mí ní ohun tó pa wọ́n.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí, ọmọ mi?"

Mo tẹ bọ́tìnnì láti sọ pé ilé kún. Ẹkún ló jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí rédíò yẹn. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì wà níbẹ̀, gbígbọ́ nìkan ni tàwọn tó kù. Mo di bọ́tìnnì mú. Mo sunkún màmá mi dọ́ba, kò sì sẹ́ni tó ráàyè rẹ̀ mí lẹ́kún.