Ojú Orúnkún Méjì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àpótí ìkúnlẹ̀ náà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń mì ni wọ́n ní kó tún ṣe, iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti na ọwọ́ sí i, á rántí pé ilẹ̀kùn kan wà tí òun fẹ́ fá. Bó bá fá ilẹ̀kùn tán, á tún máa gbá ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Baálé mi, ṣé ìjàlọ wọ ṣòkòtò yín ni?" Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáláká tọ alábẹ lọ. Ti káfíńtà yìí le, nítorí òun náà ni ẹ̀gún gún, òun náà ló mú abẹ lọ́wọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlùfáà ló ni àpótí. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ ṣe àyẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún tí Baba Alágboòrùn dá a sílẹ̀. Míṣọ́nnárì ni baba náà. Òjò ni o, ọ̀gbẹlẹ̀ ni o, kì í rìn láìmú agboòrùn dání, bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ojú orúnkún méjì wà lórí àpótí, ó jinlẹ̀ bí àwo kékeré, gbogbo ènìyàn sì gbà pé orúnkún Baba Alágboòrùn ló gbẹ́ ẹ. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tò síwájú rẹ̀ kí wọ́n lè fi orúnkún tiwọn síbi tí ẹni mímọ́ fi tirẹ̀ sí. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kí káfíńtà kan ilé gíláàsì fún un, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án mọ́.

Ohun tó ń já a jẹ rèé: bó bá dojú àpótí dé, àmì bàbá rẹ̀ á yọ, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí bàbá máa ń fín sábẹ́ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ikán ló jẹ àpótí àkọ́kọ́ di ìyẹ̀fun. Bàbá rẹ̀ ló kan èyí, Baba Alágboòrùn sì ti lo ogún ọdún nínú sàréè nígbà náà. Ojú orúnkún ńkọ́? Ti ìyá rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá fi gbá ilé ìsìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì sí àárọ̀ kan tó mú ìgbálẹ̀ láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀.

Bó bá fá àmì yẹn kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn sínú gíláàsì nílé Ọlọ́run.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì yọjú, àlùfáà kan tó máa ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè.

"Káfíńtà wa, ó kù díẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá náà, díẹ̀ ló kù."

"Díẹ̀ yẹn náà ni, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó lọ. Káfíńtà ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó bá a níbi tó ti ń rán ẹ̀wù tó ya.

"Jókòó."

"Mo ti jókòó, Màámi."

"Ìdí ẹ nìkan ló jókòó."

Ló bá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Arúgbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Orúnkún mi? Èyí tó ń ro mí yìí?"

"Orúkọ Baba Alágboòrùn ni wọ́n fẹ́ kọ sí i, Màámi."

"Kí wọ́n kọ ọ́. Ta ló kọ́ ìyá tó bí mi láti kúnlẹ̀? Baba Alágboòrùn ni. Òun náà ló kọ́ ìyá mi níwèé, nígbà táwọn tó kù ń bi í pé kí lobìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe." Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "O ní inú kí ni wọ́n fẹ́ gbé e sí?"

"Gíláàsì."

"Níbo ni wọ́n á wá ti máa kúnlẹ̀?"

Ìyá tún mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Baba yẹn ò tọ̀nà jíjìn wá kí ẹ lè máa wo pákó. Lọ sọ fún ọ̀gá yín. O ò sì gbọdọ̀ fá àmì bàbá ẹ."

Ẹsẹ̀ káfíńtà kò fẹ́ lọ. Tipátipá ló fi gbé e. Ó ru àpótí dé ọ́fíìsì, ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó sì rò ó láìmí. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan àmì oṣù náà.

"Ìyá tó máa ń fi ìgbálẹ̀ lé wa jáde?"

"Àwọn náà ni, sà."

"Lórí àpótí yìí ni mo ti gbàdúrà fún ìdánwò èdè Gíríìkì, mo sì fìdí rẹmi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo fi ṣẹ Baba Alágboòrùn."

Káfíńtà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mú gègé, ó fa ìlà gbọọrọ sórí ìwàásù tó ti kọ sílẹ̀.

"Inú alága ìgbìmọ̀ àyẹyẹ ò ní dùn. Ẹ fi gíláàsì sílẹ̀. Ẹ mú màmá wá ní Sátidé."

Nígbà tó di Sátidé, ọ̀gá sọ ọ́ bó ṣe rí fún gbogbo ìjọ nílé ìsìn. Ojú alága ìgbìmọ̀ le bí ẹni tó jẹ orógbó àná. Ìyá fi ọ̀pá tẹlẹ̀ kọjá àga iwájú tí wọ́n tọ́jú fún un, ó di àpótí mú, ó sì rọra kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wọlé bí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà àtijọ́.

Àpótí bá mì. Ó tún mì.

Ìyá la ojú kan, ó fi wá ọmọ rẹ̀. "Káfíńtà," ó ní, "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Àṣé nínú gbogbo làálàá yìí, kò tíì kan ẹsẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé àpótí wá. Káfíńtà bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àpótí mú, kò sì mira títí ìyá rẹ̀ fi ṣe àmín.