Àwọn Tó Jókòó De Ọkọ̀ Akódọ̀tí

Ẹ̀rín ni Ọ̀gbẹ́ni Khoo, olórí àdúgbò, fi sọ fún Bi-Giok àtàwọn tí àìsàn ọpọlọ ti bá jà bíi tirẹ̀ pé kí wọ́n kó kúrò nínú yàrá tí wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ó ní ẹ̀rù ló kàn ń ba àwọn ará àdúgbò, pé wèrè ti ń pọ̀ jù lójú pópó, àti pé òun ti bá wọn rí yàrá mìíràn ní òdìkejì odò, tó mọ́, tó tutù, tó sì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn bí wọ́n bá ń wọlé.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ló bí Bi-Giok nínú.

Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni Bi-Giok. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó kékeré, ìbànújẹ́ dé bá a lẹ́yìn tó bímọ. Ó ń sunkún láìdákẹ́, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí nílé. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi í sí. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní ó ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Tainan. Ojú fèrèsé ló ti ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó rí oògùn gidi, tó sì rí àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó nínú yàrá yìí, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Kò tún ní padà sí ti ẹ̀yìn mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Khoo, ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ máa kó ìrẹsì sínú yàrá òdìkejì odò yẹn. Àwa ò lọ."

Kì í ṣe ti ara rẹ̀ nìkan ló ń rò. Wartini ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ Indonesia ni Wartini. Nílé Màdáámù Lau, ọ̀gá rẹ̀, ló ti ń tọ́jú bàbá ọkọ obìnrin náà, arúgbó tí kò lè rìn mọ́. Ìyá Wartini kú sílé, ọ̀gá rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lọ sin ín. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó ti sọ fún Bi-Giok rí pé bí òun bá wà lórí òrùlé tí òun ń sá aṣọ, ó máa ń dà bíi pé ilẹ̀ ń pe òun. Màdáámù Lau kì í jẹ́ kó jáde, àfi bó bá fẹ́ da ìdọ̀tí nù. Bó bá ti gbé ìdọ̀tí sọ̀kalẹ̀ báyìí, kí ọkọ̀ tó dé, á yà sí yàrá wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, á jókòó, á sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí wọ́n bá kó lọ sí òdìkejì odò, ó parí fún un nìyẹn.

Nígbà tí Bi-Giok ṣàlàyé èyí fún àwọn yòókù, Kacaw ló kọ́kọ́ dáhùn. Ọmọ ẹ̀yà Amis ni, láti etíkun ìlà-oòrùn. Iṣẹ́ kíkọ́ ilé gíga ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ohùn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ó béèrè pé níbo ni kí àwọn wá jókòó sí.

"Níbi tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wá," ni Bi-Giok wí.

Ní Kaohsiung, ìlú wọn ní Taiwan, ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Olówó o, tálákà o, olùkọ́ o, ẹni tó ń ta ẹja o, bó bá ti gbọ́ orin ọkọ̀ akódọ̀tí nírọ̀lẹ́, á gbé ọ̀rá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á dúró lójú pópó, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Bi-Giok àtàwọn yòókù to àga oníke wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níwájú gbogbo ayé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú yàrá ni wọ́n ṣe níta: kálukú á sọ bó ṣe sùn. Wọn kì í béèrè pé ara ńkọ́, nítorí gbogbo èèyàn ló mọ irọ́ tí wọ́n fi ń dáhùn ìyẹn. Oorun ni wọ́n máa ń béèrè. Wartini gbé ọ̀rá rẹ̀ sórí itan, ó sọ tirẹ̀, ó sunkún, ó ju ìdọ̀tí, ó sì sáré padà sílé.

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n sún mọ́ tòsí kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Khoo wá.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"À ń dúró de ọkọ̀ akódọ̀tí," ni Bi-Giok dáhùn.

"Ọkọ̀ ti lọ."

"À ń dúró de tọ̀la."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Ọ̀gbẹ́ni Khoo wá òfin tó máa fi lé wọn, kò rí. Òfin sọ pé ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀, kò sọ pé ìdí èèyàn ò gbọdọ̀ fara kan àga.

Màdáámù Lau ló ti kọ́kọ́ pariwo wèrè kiri àdúgbò. Lọ́jọ́ tó yọjú lójú fèrèsé tó rí Wartini láàárín wọn, ó ní ó tán, Wartini ò gbọdọ̀ jáde mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìdọ̀tí sọ̀kalẹ̀, tòun ti bàtà funfun lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí Wartini ti dé ilé rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan ìdọ̀tí rí. Ó da àjẹkù oúnjẹ sínú garawa ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, tòun ti ọ̀rá, tòun ti igi ìtayín. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà yọ ọ́ jáde.

"Màmá, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ tiyín máa ń tayín ni?"

Ó tú ọ̀rá kejì, ó rí ìgò nínú rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé obìnrin náà lọ́wọ́ padà. Ó ní kó yà á sọ́tọ̀ kó dúró de ọkọ̀ kejì. Ọkọ̀ lọ, èrò tú ká. Omi ẹja ń kán sórí bàtà funfun. Kò lè gbé e sílẹ̀. Kò sì lè gbé e wọ ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wọn, nítorí òun gan-an ló ní kí wọ́n fòfin de gbígbé ìdọ̀tí tó ń kán wọ inú rẹ̀.

Kacaw dìde, ó gbé garawa òfìfo lọ bá a. "Ẹ gbé e síbí, Màdáámù. Garawa kì í ṣe ilẹ̀."

Bi-Giok fẹsẹ̀ ti àga kan síwájú. "Ẹ jókòó. Ọkọ̀ kejì ṣì máa pẹ́."

"N ò ní bá wèrè jókòó."

"Ẹ dúró nígbà náà. Wèrè á máa bá yín di garawa mú."

Ó dúró títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó wá fìdí lé etí àga náà. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ wọn dúró nítorí rẹ̀. Kacaw ní òun sùn dáadáa, pé ohùn náà bú òun díẹ̀, òun sì ní kó lọ sùn. Nígbà tó kan Màdáámù Lau, Bi-Giok bi í léèrè bó ṣe sùn.

"Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Kò kàn wá. Bí a ṣe ń bi ẹni tó bá jókòó nìyẹn."

Màdáámù Lau tẹjú mọ́ garawa. Ó sọ pé òun kì í sùn. Bàbá ń pariwo mọ́jú. Bí bàbá bá sì dákẹ́, ẹkún Wartini lòun ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri. "N ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un," ó ní. "Mo máa ń kan ògiri kó lè dákẹ́."

Bi-Giok kò tù ú nínú.

"Ìyá ọkọ mi náà máa ń kan ògiri," ó ní. "Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Lọ́la, Wartini ló máa gbé ìdọ̀tí wá, á sì jókòó títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á fi tán."

"Ta ló máa wo bàbá?"

"Ẹ gbé bàbá sọ̀kalẹ̀. Ẹ ní òun náà ò sùn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti bàbá dé lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Wartini wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá ìdọ̀tí, Màdáámù Lau sì tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí wọ́n ń fà. Ojú pópó kún. Wọ́n bi Wartini bó ṣe sùn. Kò rọra sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Mi ò sùn. Mo fẹ́ lọ rí sàréè ìyá mi."

Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Màdáámù Lau wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ògiri tó lè kàn.

"Ṣé o máa padà wá?" ó béèrè.

"Bí ẹ ò bá ní kan ògiri mọ́."

Màdáámù Lau di àga bàbá mú. "Lọ," ó ní. "Èmi ni mo máa wo bàbá."

Ọ̀gbẹ́ni Khoo náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tirẹ̀. Ó ní àwọn àga yìí ti ń pọ̀ jù.

"Kò tíì tó," ni Bi-Giok wí. "Ẹ bá wa na ọwọ́ mú èyí tó wà lẹ́yìn yín."

Orin ọkọ̀ dún ní ìkòríta. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ju ìdọ̀tí wọn, ọkọ̀ sì lọ. Olórí àdúgbò dúró, ó ń wò bóyá wọ́n máa kó àga wọn. Wọ́n padà jókòó.