Ta Ló Ní Kí O Gbé Máṣíìnì Mi Fún Wọn?

Kò tíì pẹ́ tí Màmá Aránṣọ kó wá sílé ọmọ rẹ̀ nígbà tó tú ẹrù rẹ̀ tán, tó sì rí i pé máṣíìnì rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó tún tú báàgì tó ti tú tẹ́lẹ̀. Àpótí òwú wà níbẹ̀, àlùmọ́gàjí wà níbẹ̀. Máṣíìnì nìkan ni wọn ò gbé wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló di ẹrù ọ̀hún. Ìyá bá a ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń fọ abọ́.

"Máṣíìnì mi dà?"

Nọ́ọ̀sì ò yíjú padà. "Màmá, mo ti gbé e fún Ìyá Ìbejì ìsàlẹ̀ ilé yín. Ẹ̀yìn ń dùn yín, ojú yín náà ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ ti ránṣọ tó. Ẹ sinmi."

Máṣíìnì yẹn ló fi tọ́ ọmọ yìí. Òun ló fi rán an nílé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dún tí bàbá ọmọ náà kú, orí máṣíìnì náà ni ìyá ń gbé orí lé sunkún, tó bá sì sunkún tán, á tún máa rán lọ.

"Ṣé mo ti kú ni, tí o fi ń pín ogún mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má gbé e gbóná. Wọ́n la ọ̀nà kan sínú igbó tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ rìn díẹ̀, ara yín á balẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ."

Lẹ́yìn ilé tó kángun sígbó ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ilẹ̀ lásán tí gbòǹgbò igi ta kọjá. Ìyá ló ṣíwájú, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ tó sì ti rí ẹ̀yìn olè lọ́ọ̀ọ́kán.

"Màmá, ẹ wo ẹyẹ yẹn, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dáa tó!"

"Ṣé ó máa ń ránṣọ?"

"Ẹ rọra o, kí ẹ má baà ṣubú."

"Èmi ni ẹ̀yìn ń dùn, ìwọ lò ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Wọ́n dé etí odò kékeré kan tí wọ́n fi pákó ṣe afárá lé lórí. Níbẹ̀ ni ìyá ti dúró, tó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o gbé e fún wọn?"

"Ire yín ni mo rò, Màmá."

"O bi mí? Ó yá, dá mi lóhùn! Kó o tó gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ṣé o kì í kọ́kọ́ sọ fún un ni? Àbí èmi ìyá rẹ ò tó aláìsàn?"

Nọ́ọ̀sì ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Pe Ìyá Ìbejì. Báyìí báyìí."

"Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí."

"Níbo ló wà?"

"Bóyá lórí òkè yẹn."

"Gòkè."

Wọ́n gòkè. Òógùn bo nọ́ọ̀sì. Nígbà tí fóònù wọlé, ìyá ní kó gbóhùn rẹ̀ síta kí òun náà lè gbọ́.

"Máṣíìnì yẹn wà ńlẹ̀," ni Ìyá Ìbejì wí. "Mi ò tíì fọwọ́ kàn án o, mo fi aṣọ bò ó ni. Mò ń retí kí Màmá fúnra wọn pè mí. Ṣé wọ́n mọ̀ sí i ṣá?"

Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ sí i. O ṣeun, ọmọ mi. Ẹni tó gbé e fún ọ ń padà bọ̀ wá gbé e."

Ó jókòó sórí òkúta, omi dà lójú rẹ̀. Ìbínú náà ni. "Ẹni tí mi ò bí ló rò ó pé ó yẹ kí wọ́n bi mí."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá."

"Mò ń bínú! Má sọ pé kí n má bínú. Jẹ́ kí n bínú tẹ́ ara mi lọ́rùn."

"Màá lọ gbé e. Ṣùgbọ́n yàrá yín kéré, níbo la máa gbé e sí?"

"Gbé bẹ́ẹ̀dì síta. Tí yàrá ò bá tún gba èmi àti máṣíìnì mi, èmi ni màá lọ bá a níbi tó wà."

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí igbó náà dáadáa, oòrùn tó ń yọ́ wọlé láàárín ewé, omi tó mọ́ gaara. Ibẹ̀ rẹwà, ìyẹn náà tún bí i nínú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, bàtà nọ́ọ̀sì yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Kó tó ké, ìyá ti gbá a lápá mú. Ó dì í mú gírígírí títí wọ́n fi kọjá sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó wá jù ú sílẹ̀, ó pòṣé, ó sì ṣíwájú.