Irin Ara Ògiri Yàrá Màmá

Ẹ̀yin ènìyàn Olúwa tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jẹ́ kí ara wa ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ òní. Ìtàn yìí kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbọ́ ọ tán.

Àpótí funfun méjì ló wà lára ògiri ilé kan. Èyí tó wà ní ilé ìdáná ni bọ́ílà. Òun ló ń ti omi gbígbóná gba inú páìpù lọ sínú irin pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ilé lè móoru nígbà òtútù. Èkejì, tó kéré, wà ní balùwẹ̀ Màmá lẹ́yìnkùlé. Hítà ni. Omi ìwẹ̀ nìkan ló ń mú gbóná. Yàrá kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí pọ́lọ́ńbà wá gbé hítà náà kọ́, ọmọ Màmá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Ilé, ní kó gé páìpù bọ́ílà tó lọ sí yàrá ìyá òun, kí ooru lè pọ̀ sí i ní pálọ̀.

“Ọ̀gá, Màmá wá ńkọ́?”

“Ó ti ní hítà tirẹ̀. Kí ló tún kù?”

Ìyàwó Ọ̀gá Ilé bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, kí ló fẹ́ fi ooru ṣe?”

Pọ́lọ́ńbà gé e.

Màmá ò mọ̀. Ó rò pé bọ́ílà ni hítà náà, ó sì sọ fún gbogbo ará ìjọ pé ọmọ òun ra bọ́ílà fún òun nìkan. Láràárọ̀ ló ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin ara ògiri. Ó tutù. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀.

“Ó gbóná, Màámi. Ọwọ́ yín ni kò mọ nǹkan mọ́. Ọjọ́ orí ni.”

Láti ìgbà náà ló ti ń wọ súẹ́tà mẹ́ta lérí ara wọn, tó sì ń bẹ Olúwa kó wo ọwọ́ òun sàn.

Nígbà tó yá, hítà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, pọ́lọ́ńbà sì padà wá. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e lé irin náà.

“Ọmọ mi, bá mi wò ó. Mo mọ̀ pé o ò ní tàn mí. Ṣé ó gbóná?”

Pọ́lọ́ńbà gbójú sókè. Ọ̀gá Ilé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló ṣèlérí iṣẹ́ ilé tuntun rẹ̀ fún pọ́lọ́ńbà, balùwẹ̀ mẹ́fà.

“Ó gbóná, Màmá. Ó gbóná dáadáa.”

“Ẹ ò rí i bí?” Ọ̀gá Ilé pàtẹ́wọ́.

Màmá mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Ọwọ́ mi ló bàjẹ́, ọmọ mi kọ́.” Ó gbàdúrà fún pọ́lọ́ńbà, fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ irin náà, ó fẹ̀yìn tì í pẹ́kípẹ́kí, kí ooru lè kàn án.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, Olúwa kò ní fi ọjọ́ ogbó yín lé ọwọ́ ẹni tí yóò pe òtútù ní ooru fún yín. Bí wọ́n bá sì gbé ọwọ́ tiyín lé irin tútù, kó fún yín ní ẹnu tí ẹ ó fi sọ pé ó tutù. Àmín.