Ó Ń Wo Ẹnu Mi

Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ tó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ṣe ni gbogbo ara mi máa ń rọ̀ bí òwú. Kì í wo ibòmíràn. Mo ti fi í yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi títí ó fi sú wọn: "Ẹ̀yin tí tiyín ń wo fóònù, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Mẹkáníìkì ni ààyò mi. Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí mọ́tò á ṣì wà ní ìkóríta tí yóò ti sọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá mi kò fẹ́ràn òórùn ọ́ìlì ara rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí ògbólógbòó mọ́tò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, òun náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí.

"Wá wò ó," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ṣe rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni n ó ṣe dá ọ lóhùn lórí ọmọ mi."

Aṣọ búlúù tó fẹ́ràn ni mo wọ̀ láàárọ̀ náà. Bàbá jókòó sídìí sítíárìn, wọ́n ń tẹ iná. Ààyò mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ẹnu sukudiráfà gígùn lé orí ẹ́ńjìnnì, ó fi èèkù rẹ̀ ti etí, ó sì di ojú bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

"Òkè níbí ni, Bàbá. Púlọ́ọ̀gì ni. Kò tó nǹkan."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ni ìró náà ti ń wá, ó ń kàn bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Mo ń mọ̀ ọ́n lábẹ́ bàtà mi. Aládùúgbò wa tó ń sá aṣọ pàápàá nahùn: "Kí ló ń lu abẹ́ mọ́tò yín yẹn? Àbí ẹ ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́bẹ̀ ni?"

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Àgbàlá pa lọ́lọ́. Ààyò mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ń tú púlọ́ọ̀gì.

"Ààyò mi," mo pè é láti ẹ̀yìn, "ìsàlẹ̀ ni."

Kò wẹ̀yìn.

Mo pè é kíkan. Sípánà ló ń yí. Mo rántí fóònù tí kì í gbé mọ́, tó ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mo rántí bó ṣe máa ń dákẹ́ bí iná bá ti lọ. Mo rántí ojú rẹ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu mi.

Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, wọ́n sì sọ ọ́ ketekete:

"Mẹkáníìkì, mo ti gbà. Mú ọmọ mi lọ sílé rẹ lónìí."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì ti ń gbàdúrà fún. Sípánà ṣì ń yí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mi ò bínú sí i." Ohùn wọn rọ̀, ìyẹn ló sì pa mí jù. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe? Kí ni ẹ ó máa jẹ? Mi ò lè fà ọ́ fún un."

Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n wọlé.

Ààyò mi nàró, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti tún un ṣe. Bàbá dà? Kí ni wọ́n wí?"

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó ń dúró.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi.